Ẹ̀ṣẹ́ Tí Wọ́n Kà sí Ẹ̀ṣẹ̀

Màmá mi kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ rí láyé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ Yorùbá ló fẹ́. Bàbá mi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìwó títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ìwé tó wọ ilé wa tí kò ní fi báírò pupa tún àmì rẹ̀ ṣe, ìbáà ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Tíṣà, màmá mi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Tó bá ti ní kó fi àmì sí ohun tó kọ, màmá mi á ní, "Tíṣà, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ọlọ́run mọ ohun tí mo ní lọ́kàn." Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ láàárín wọn, eré ni wọ́n fi ń ṣe. Àwa ọmọ kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí agídí màmá mi lórí àmì máa yọ àbúrò mi nínú ìyọnu.

Àbúrò mi tí mò ń sọ yìí ni àbígbẹ̀yìn wa. Láti kékeré ló ti ń ga bí ẹni tí wọ́n ń fà lórí. Kó tó jáde ìwé mẹ́wàá, ó ti ń tẹ̀ ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà yàrá wọlé, kò sì sí bàtà tó gba ẹsẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjà Ìwó. Tó bá fi ọwọ́ di ife omi mú, ẹ ò ní rí ife náà mọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ló ń rìn, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà rí ní ilé ìwé. Ta ló tiẹ̀ máa bá a jà? Olùkọ́ eré ìdárayá wọn ló rí i lọ́jọ́ kan níbi tó ti ń gbé àga àti tábìlì kiri bí ẹni gbé àwo, ló bá fi ìbọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ́ wọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà, kóòṣì ni a ń pe olùkọ́ yẹn.

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, tí ìpínlẹ̀ tuntun ń wá ọmọ tó máa gbé orúkọ òun jáde, kóòṣì mú un lọ sí Òṣogbo, wọ́n sì gbà á sínú ẹgbẹ́ wọn. Hẹ́fíwéètì ni, ìyẹn àwọn tó wúwo jù lọ nínú àwọn tó ń kan ẹ̀ṣẹ́. Kò pẹ́ rárá tí orúkọ rẹ̀ fi kan. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ń pè é ní abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, àwọn ọlọ́kadà á sì fẹ́ gbé e lọ́fẹ̀ẹ́ tí kì í bá ṣe pé wọ́n ń bẹ̀rù fún táyà wọn. Ó gba fàdákà, ó gba góòlù, màmá mi sì ń so wọ́n kọ́ ìṣó kan náà tó fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kọ́.

Amátọ̀ ni gbogbo rẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó jẹ́ amátọ̀ kì í gbowó. Wọ́n á fi góòlù kọ́ ọ lọ́rùn, àwọn ọ̀gá á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó parí. Ṣùgbọ́n ìjà wọn kì í pẹ́, wọ́n sì máa ń de nǹkan fóòmù kan tó nípọn mọ́ wọn lórí kí ẹ̀ṣẹ́ má baà ba orí jẹ́. Màmá mi ń pe nǹkan yìí ní fìlà. Kò wo ìjà ọmọ rẹ̀ rí, kò sì fẹ́ gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi í tó bá ti gbé báàgì kọ́ èjìká: "Fìlà ẹ dà?" Àbúrò mi á sì tú báàgì, á yọ ọ́ fi hàn án bí ọmọdé tí wọ́n ní kó fi ọwọ́ tó fọ̀ hàn kó tó jẹun.

Èmi ni àkọ́bí, Àǹtí ni àbúrò mi ń pè mí. Bánkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo, mo máa ń wá sí Ìwó ní òpin ọ̀sẹ̀. Ara mi kì í gba gbẹ̀rẹ́, ẹnu mi sì máa ń ṣáájú mi dé ibi tí mò ń lọ. Ilé ni mo wà ní ọ̀sán Sátidé tí ọkùnrin kan láti Èkó kọ́kọ́ wá bá wa.

Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba góòlù níbi ìdíje tí gbogbo ìpínlẹ̀ ti pàdé. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni kó máa wá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kiri, kó sọ wọ́n di pirofẹ́ṣànnà, ìyẹn àwọn tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun. Ó kí àwọn òbí mi dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti táì lọ́rùn. Ó ní, "Bàbá, Màmá, ẹ̀bùn tó wà lọ́wọ́ ọmọ yín yìí, ẹ kàn ń fi góòlù ti ilẹ̀kùn ni. Ẹ jẹ́ n mú un lọ sí Èkó. Láti Èkó, ọ̀nà òkè òkun ṣí sílẹ̀ fún un."

Bàbá mi ti sún dé etí àga. Ó bi í ní ibi tó máa gbé, ó bi í ní ẹni tó máa kọ́ ọ, ọkùnrin náà sì dáhùn gbogbo rẹ̀ láìkọsẹ̀. Màmá mi jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn tán.

Ó ní, "Ẹ ṣeun o, sà. Ọlọ́run á máa bá yín lọ. Ẹ jọ̀ọ́, fìlà orí ẹ̀ ńkọ́?"

Ọkùnrin Èkó wò mí, mo bá ṣàlàyé fìlà fún un. Ó rẹ́rìn-ín. "Háà, Màmá! Pirofẹ́ṣànnà kì í dé ìyẹn o. Àwọn tó ń wòran fẹ́ rí ojú ẹni tó ń jà."

"Ṣé ojú ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ rí ni, àbí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀?" Màmá mi kó àwọn ife tó wà nílẹ̀, ó wọ ilé ìdáná lọ, kò sì jáde mọ́ títí àlejò fi lọ. Kí ọkùnrin náà tó lọ, ó ní òun máa padà wá gbọ́ èsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di wàhálà nínú ilé wa nìyẹn. Kí n má purọ́, ohun tí bàbá mi ń sọ bọ́gbọ́n mu. Iṣẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣèlérí fún àbúrò mi ní Òṣogbo kò jáde. Ọkùnrin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ó wà nílé, ó ń bá màmá wa gbé iṣu láti oko Kuta. Bàbá mi ní, "Ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Agbára yìí ò ní dúró dè é."

Màmá mi ní, "Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ díákónì, Ṣàngó lẹ ń pè nínú ilé? Orí kan ṣoṣo ni mo bí mọ́ ọn, Tíṣà. Tí wọ́n bá fọ́ ọ, ẹ fẹ́ fi báírò pupa tún un ṣe?"

Èmi tí mò ń pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n, mò ń yí bí abẹ̀bẹ̀. Tí mo bá wà ní bánkì, tí mo rí àwọn ọ̀dọ́ tó wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín àti aṣọ tó dáa, mo máa ń ní kó lọ. Tí mo bá délé, tí mo rí màmá mi tó ń fi ọwọ́ pa orí ọmọ rẹ̀ bí ẹni wo àgbọn bóyá ó sán, mo máa ń ní kó jókòó. Ohun tó sì ń bí mi nínú jù ni pé ẹni tó ni ìjà kò sọ nǹkan kan. Tí a bá bi í, á ní, "Ohun tí ẹ bá fẹ́ náà ni." Oúnjẹ tó máa ń jẹ tán kí àwa tó bu òkèlè kejì, ó ti ń ṣẹ́ kù sínú àwo. Mo sọ fún un pé ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó bọ́ síta.

Ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ọkùnrin Èkó padà dé nígbà tí màmá mi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ìjọ wa, ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀ àdúrà á kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan, á kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀, á sì jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Akọ̀wé ìjọ á wá kà á síta láàárín ìsìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn, nígbà tí bàbá mi ń wá táì rẹ̀ kiri, màmá mi jókòó sí etí ibùsùn, ó kọ tirẹ̀. Bó ṣe kọ ọ́ nìyí: E ba mi gbadura fun omo mi okunrin ti o fe fi ese se ise.

Bàbá àgbà kan tó wọ gíláàsì olójú nínípọn ni akọ̀wé ìjọ wa. Nígbà tó kan ìwé màmá mi, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e súnmọ́. Mi ò dá a lẹ́bi. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ó wà, tòun ti Bíbélì níwájú. Kí ni "ese" tún lè jẹ́ ní irú ibẹ̀?

Ó gbé ohùn sókè. "Ìyá wa, ìyàwó Tíṣà, ní kí a bá òun gbàdúrà fún ọmọ òun ọkùnrin, tí ó fẹ́ fi ẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́."

Ẹnì kan lẹ́yìn wa ní, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Mo rí ọwọ́ bàbá mi tó ń lọ sínú àpò àyà rẹ̀, níbi tí báírò pupa wà. Pásítọ̀ wa, tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ. Ó ní, "Arákùnrin, máa bọ̀ níwájú. Kò sí ohun tí ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ kò lè wẹ̀." Àbúrò mi dìde, bẹ́ńṣì tó jókòó lé sì ké nítorí ìwúwo rẹ̀.

Ìgbà náà ni màmá mi fò dìde. "Ẹ̀ṣẹ́ ni o! Ẹ̀ṣẹ́! Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀!" Kó lè yé wọn dáadáa, ó di ẹ̀ṣẹ́, ó gbé e sókè, ó ń mì ín sí ọ̀kánkán pásítọ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á rò pé ó fẹ́ lu ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ẹ̀rín bú jáde. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin ń fi ìwé orin bojú, pásítọ̀ fúnra rẹ̀ di etí pẹpẹ mú kó má baà ṣubú. Bàbá mi ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀, "Mo ti ń sọ ọ́. Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń sọ ọ́."

Àbúrò mi kò padà sí ìjókòó ní tirẹ̀. Ó rìn dé iwájú láàárín ẹ̀rín náà, ó kúnlẹ̀. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, ó fi ẹ̀rín gbàdúrà kúkúrú fún un. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé òun náà ń rẹ́rìn-ín ni.

Nígbà tí a délé, tí màmá mi gbé ìrẹsì ọjọ́ Àìkú kalẹ̀, a ò rí i. Mo bá a lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi máńgòrò tó so àpò rẹ̀ kọ́. Àpò ìrẹsì ni, ó fi èérún pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú dí i kún, òun ló máa ń lù láràárọ̀ kó lè múra ìjà sílẹ̀. Ìgbà tí mo súnmọ́ ọn ni mo rí i pé aláǹtakùn ti ta okùn láti ara àpò náà dé ara igi. Kò sí ẹni tó ti lù ú láti ìgbà tó ti ti ìdíje dé.

Mo ní, "Ṣé nítorí pé wọ́n fi ẹ́ rẹ́rìn-ín ni?"

"Rárá, Àǹtí mi."

"Kí ló wá dé? Ìrẹsì ń tutù."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Nígbà tí Bàbá akọ̀wé kà á pé ẹ̀ṣẹ̀, ara tù mí. Mo ní, a dúpẹ́ o, ẹnì kan ti mọ̀."

"Mọ kí ni?"

Ó wá sọ ọ́ fún mi. Níbi ìjà àṣekágbá tó ti gba góòlù, ọmọ Ìbàdàn kan ni wọ́n jọ pàdé. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbá a, Àǹtí mi. Fìlà wà lórí ẹ̀, wọ́n dè é dáadáa. Ó ṣubú, kò dìde. Wọ́n da omi sí i lójú, kò mira. Bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde ni àwọn èèyàn wa ń gbé mi sókè, tí wọ́n ń kọrin. Bọ́ọ̀sì wa gbéra ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Títí di ìsinsìnyí, mi ò mọ̀ bóyá ó kú tàbí ó yè."

"O ò bi kóòṣì?"

"Ẹ̀rù ń bà mí. Tí n ò bá béèrè, ó ṣeé ṣe kó yè."

Mo jókòó tì í lórí gbòǹgbò máńgòrò. Láti ọjọ́ tí ọkùnrin Èkó ti wá, orí nìkan ni a ń sọ nínú ilé wa, ṣùgbọ́n orí tiwa ni. Bàbá tó fẹ́ kó lọ, ìyá tí kò fẹ́, èmi tí mò ń yí bí abẹ̀bẹ̀, kò sí ìkankan nínú wa tó rántí pé ẹni tí ó máa dojú kọ náà ní orí, ó sì ní ìyá. Àánú ọmọ náà ṣe mí débi pé inú bí mi. Inú bí mi sí i pé ó dá ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Tí inú bá sì ti bí mi, mi ò lè jókòó.

Mo ní, "Dìde. Lọ jẹ ìrẹsì ẹ. Lọ́la la máa lọ wá a."

"Lọ́la? Ẹ̀yin ń lọ síbi iṣẹ́ o, Àǹtí mi."

"Bánkì ò ní sá lọ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, a kọ́kọ́ yà nílé kóòṣì. Ó mọ̀ pé ilé búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn ni ọmọ Ìbàdàn náà ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó jà, ó sì júwe ibẹ̀ fún wa. Nígbà tí mo bi í bóyá ara ọkùnrin náà ti yá, ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Ojú àbúrò mi wálẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, ó gba àyè èèyàn méjì, ó sì kọjú sí fèrèsé títí a fi kọjá Lálúpọn. Èmi náà, tí mò ń ṣe bí ọkùnrin, mò ń gbàdúrà lábẹ́nú. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí mo máa sọ fún ìyá ẹni tó kú.

Òórùn búrẹ́dì ló júwe ọ̀nà fún wa nígbẹ̀yìn. Obìnrin kan jókòó síwájú ilé náà, ó ń fi ọ̀rá di búrẹ́dì. Mo kí i, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ní ọkùnrin kan níbí tó máa ń kan ẹ̀ṣẹ́?" Ó wò mí, ó wo àbúrò mi láti òkè délẹ̀. Ó ní ká dúró, ó wọlé. Bí a ṣe dúró síbẹ̀, mò ń gbọ́ bí àbúrò mi ṣe ń mí.

Ni ẹnì kan bá yọ ní ẹ̀yìn ilé. Ó ga, ó fẹ̀, ó sì funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, títí kan irun ìpéǹpéjú. Àbúrò mi, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, di apá mi mú. "Àǹtí mi, òkú ni!" Ọgbẹ́ ìka rẹ̀ wà lápá mi fún ọjọ́ púpọ̀.

Fúláwà ni. Ọkùnrin náà ló ń po fúláwà fún wọn níbẹ̀. Ó nu ojú, ó wò wá dáadáa, ó pariwo, "Ìwó! Ìwọ ọmọ Ìwó yìí! Wọ́n fi fọ́tò ẹ hàn mí. Ìwọ lo dá mi dùbúlẹ̀!" Ó sáré wá, ó gbá a mọ́ra, àwọn méjèèjì sì funfun. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín, obìnrin oníbúrẹ́dì sì gbé àga wá fún mi.

Àbúrò mi ti na gbalaja sílẹ̀ ní ìdọ̀bálẹ̀. "Ẹ foríjì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

"Dìde jàre! Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ṣé o rò pé mo ti kú ni?" Ó jókòó sórí àpò fúláwà, ó ń sọ ọ́ fún wa bí ẹni sọ ìtàn ẹlòmíràn. Ó ní òun sùn di ọjọ́ kejì ní ọsibítù. Nígbà tí òun jí, òun ní kí wọ́n gbé ìbọ̀wọ́ òun wá, ó tó àkókò kí òun lọ jà. "Wọ́n ní o ti jà. Mo ní ta ló jà? Wọ́n ní ìwọ. Mi ò rántí ẹ̀ṣẹ́ ẹ rárá. Ohun téèyàn ò rántí, ṣé ó lè bínú sí i?" Dókítà ti ní kó má kan ẹ̀ṣẹ́ mọ́, ó sì ti gbà. Ó ní ara òun ti le, àfi pé òun máa ń gbàgbé orúkọ àwọn oníbàárà nígbà mìíràn, àti pé lọ́jọ́ kan òun gbàgbé ọ̀nà ilé. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ èyí. Àwa méjèèjì kò lè bá a rín in.

Ó kó búrẹ́dì gbígbóná fún wa, ó ní kí a kí Màmá. A kò tíì dé Lálúpọn tí àbúrò mi fi jẹ ọ̀kan tán, tó sì tún ti bu òmíràn. Mò ń wò ó bó ṣe ń jẹ, èérún búrẹ́dì ń já bọ́ sí i láyà, ọkàn mi sì balẹ̀ bí kò ti balẹ̀ láti ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí a délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn òbí wa fúnra rẹ̀. Màmá mi gbé ọwọ́ sókè, ó ń dúpẹ́ lórí ọmọ tí kò bí. Bàbá mi kọjú sí àbúrò mi. Ó ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó yè. Kò sí ohun tó ń dí ọ lọ́nà mọ́ nìyẹn. Ṣé o máa lọ?" Kì í ṣe pé ó ń tì í. Ó ń béèrè tọkàntọkàn ni, ó sì yẹ kó béèrè. Ẹ̀rù bà mí, nítorí mo rí i pé lóòótọ́, ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ fún un.

Àbúrò mi ní, "Bàbá, ká ní ó kú ni, ǹ bá lọ. Ǹ bá máa jà kiri títí ẹnì kan á fi gbẹ̀san ẹ̀ lára mi. Ó yè, sà. Mo lè jókòó sílé báyìí."

Bàbá mi yọ gíláàsì, ó fi etí aṣọ nù ún, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Jókòó sílé." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí màmá mi. "N ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn ti dé ilé yìí."

Màmá mi ní, "Ẹ̀yin náà, Tíṣà? Ẹ ò sì sọ!" Ó gé búrẹ́dì fún un, wọ́n jọ jókòó, wọ́n ń jẹ ẹ́.

Ọkùnrin Èkó padà wá ní Sátidé. Màmá mi gún iyán fún un, ó sì kó ẹran sí i débi pé ọbẹ̀ kò hàn. Inú ọkùnrin náà dùn. Ó ní, "Màmá, pẹ̀lú oúnjẹ yìí, ó jọ pé ẹ ti gbà." Màmá mi ní, "Rárá o. Ọ̀nà Èkó ló jìn." Àbúrò mi sọ èsì fún un fúnra rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò bínú. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì wo ọwọ́ náà bí ẹni wo ilẹ̀ tí kò rí rà. Nígbà tó yá, àbúrò mi lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́, eré ìdárayá ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ títí di òní, bọ́ọ̀lù àti eré sísá. Màmá mi gba fìlà náà, ó fi í pamọ́ sínú àpótí aṣọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé Sátidé yẹn, àwọn òbí mi fẹ́ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi kò jẹ́ kí màmá mi fọwọ́ kan báírò. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, gàdàgbà gàdàgbà, ó fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ní àmì, ó tún ka gbogbo rẹ̀ wò. Ìdílé Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ wọn ti fi ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀. Àmì òkè tó wà lórí ẹ̀ṣẹ́ náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí afọ́jú fi lè fọwọ́ bà á.

Bàbá akọ̀wé gbé ìwé náà súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e súnmọ́. Mo rí i tó rí àmì náà. Mo sì rí i tó pinnu nínú ara rẹ̀ pé Tíṣà ti ṣì í kọ, nítorí inú ṣọ́ọ̀ṣì la wà. Ó gbé ohùn sókè, ó ní, "Ìdílé Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ wọn ti fi ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀!"

"Halelúyà!" Gbogbo ìjọ gbà á bí òjò. Mo wo màmá mi. Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀ ní dídì, kò gbé e sókè. Mo wo bàbá mi. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sínú àpò, ó kan báírò pupa, ó sì padà lófo. Láti ẹ̀yìn wa, mo gbọ́ ohùn àbúrò mi, tí kì í sọ̀rọ̀ sókè, tó ga ju ti gbogbo ìjọ lọ: "Àmín."